Àpò Kan Lóṣù: Owó tí Ìyá Ẹlẹ́ja Èrékò Kọ̀ Lọ́wọ́ Òyìnbó

   Kí ọ̀rọ̀ tó wọ ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan: bí ìjọba bá gbé owó ńlá fún olórí ọjà yín lóṣooṣù pé kó wá máa ṣe tiwọn, ṣé ó máa gbà á àbí kò ní gbà á?

Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ gbọ́ ohun tó bí ìbéèrè náà ná.

Ọmọ ọlọ́jà ni èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹja gbígbẹ ni màmá mi ń tà, òun náà ló fi rán mi nílé ìwé títí mo fi gba ìwé mẹ́wàá. Níjọ́ kan tí mo lọ bá wọn gbé ẹrù, àwọn agbowó dé pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Wọ́n ní ti àtẹ̀yìnwá kò ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n ti fi owó lé e. Màmá mi bèèrè pé ta ló fi owó lé e. Agbowó ní kí wọ́n má bá òun jà, àwọn aṣáájú ọjà ti fọwọ́ sí ìwé. Háà! Ariwo sọ lọ́jà. Ẹ̀yìn ibo ni wọ́n ti fọwọ́ sí i? Ìgbà wo la ṣe ìpàdé? Ta ló rán wọn? Kò sí ẹni tó dáhùn. Àwọn kan san, àwọn kan fi àpò bo ọjà wọn, wọ́n gba ilé lọ.

Nígbà tí a délé lálẹ́, tí màmá mi ń ro ẹjọ́ náà fún ìyá àgbà, ìyá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún yìí mi orí títí. Wọ́n ní, "Bó bá ṣe pé ayé Pelewura ni, ta ló jẹ́ dán an wò?"

Mo ní, "Ìyá àgbà, ta ni Pelewura?"

Wọ́n wò mí sùn-ùn. Wọ́n ní, "Ìwọ tó o kàwé, o ò mọ Pelewura?"

Ojú tì mí o. Àwọn tíṣà mi kọ́ mi ní Mungo Park tí wọ́n ní ó rí odò Ọya, bí ẹni pé àwọn tó ń bu omi níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti fọ́jú. Wọ́n kọ́ mi ní Lugard àti ìyàwó rẹ̀ tó sọ wá lórúkọ. Ṣùgbọ́n ìyá ẹlẹ́ja tó dojú kọ ìjọba tí Lugard àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀, kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ mi. Èyí ló jẹ́ kí n wá ọ̀rọ̀ náà lọ. Ohun tí mo kà, tí mo sì gbọ́, òun ni mo kó wá fún yín lónìí.

ÌYÁ ẸLẸ́JA TÍ KÒ MỌ̀WÉ

Alimotu Pelewura ni orúkọ ìyá yìí. Ọmọ Èkó ni, Mùsùlùmí ni, ẹja ló ń tà ní ọjà Èrékò ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Kò mọ ìwé kọ, kò mọ̀ ọ́n kà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa di àárín ọdún 1930 sí 1940, kì í ṣe olórí ọjà Èrékò nìkan mọ́. Òun ni ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó lápapọ̀, ẹgbẹ́ tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin nínú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́jà mọ bí irú nǹkan báyìí ṣe ń rìn. Ẹlẹ́ja ní olórí tirẹ̀, aláta ní tirẹ̀, ẹlẹ́lùbọ́ ní tirẹ̀, aláṣọ ní tirẹ̀. Àwọn olórí wọ̀nyí ló ń jókòó pọ̀. Wọ́n ń dá owó jọ, owó yẹn ni wọ́n fi ń gba akọ̀wé àti lọ́ọ̀yà. Ẹ ò rí i pé wọ́n gbọ́n? Àwọn fúnra wọn kò kàwé, ṣùgbọ́n wọ́n sanwó fún ẹni tó kàwé kó máa bá wọn kọ ìwé sí òyìnbó, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló sì ń kọ.

Ṣé ẹ rántí pé ọwọ́ òyìnbó ni Èkó wà látọdún 1861, nígbà tí wọ́n fi ipá gbà á lọ́wọ́ Ọba Dòsùmú? Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ owó kò ti tán láàárín ìjọba àti ará ìlú. Lọ́dún 1908, nígbà tí wọ́n fẹ́ kí àwọn ará Èkó máa san owó omi ẹ̀rọ, àwọn ọlọ́jà wà lára àwọn tó kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ti ọjà pa. Nígbà tí Herbert Macaulay dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ lọ́dún 1923, àwọn obìnrin ọlọ́jà wọ̀nyí náà ló ń kún ìpàdé rẹ̀, Pelewura sì wà láàárín wọn.

Ṣùgbọ́n ibi tó ti dunni nìyí: wọn ò lè dìbò. Òfin tí òyìnbó ṣe lọ́dún 1922 sọ pé ọkùnrin nìkan ló lè dìbò, ọkùnrin náà sì gbọ́dọ̀ ní owó tó ń wọlé fún un tó ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ́dún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di £100 yẹn mú lọ́wọ́, a máa padà sórí rẹ̀.

Nígbà kan láàárín ọdún 1930 sí 1940, ìjọba fẹ́ kó ọjà Èrékò kúrò níbi tó wà lọ sí òpópónà Olúwọlé. Àwọn obìnrin ní àwọn ò lọ. Ọlọ́pàá dé, àwọn obìnrin kò kúrò lójú ọ̀nà. Wọ́n kó lára wọn, wọ́n tì wọ́n mọ́lé, Pelewura sì wà láàárín àwọn tí wọ́n tì mọ́lé. Nígbà tí àwọn ọlọ́jà yòókù gbọ́, wọ́n tú síta bí ẹṣú. Ìjọba tú wọn sílẹ̀, ọjà Èrékò kò sì kúrò níbi tó wà.

OWÓ ORÍ OBÌNRIN

Lọ́dún 1929, ogun obìnrin bẹ́ sílẹ̀ lápá ìlà-oòrùn, ní ilẹ̀ Igbo àti ilẹ̀ Ibibio. Àhesọ pé òyìnbó fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin ló dá a sílẹ̀. Àwọn sójà àti ọlọ́pàá yìnbọn, wọ́n sì pa obìnrin tó lé ní àádọ́ta. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ba ìjọba lẹ́rù. Nítorí náà, nígbà tí irú àhesọ bẹ́ẹ̀ dé Èkó lọ́dún 1932, tí àwọn obìnrin rán aṣojú lọ bèèrè, ìdáhùn tí wọ́n gbà ni pé ìjọba kò ní irú ìyẹn lọ́kàn.

Kò tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn tí ọ̀rọ̀ yí padà. Ogun Hitler ti bẹ̀rẹ̀, owó ogun sì ń wọ́n ìjọba. Lọ́dún 1940, wọ́n ṣe òfin pé obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ti ju £50 lọ gbọ́dọ̀ san owó orí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà. £50 lọ́dún, kò tó pọ́n-ùn kan lọ́sẹ̀. Ta ni kì í fi ọwọ́ kan pọ́n-ùn kan lọ́sẹ̀ nínú àwọn tó ń ta ẹja? Ṣùgbọ́n owó tí ọlọ́jà fọwọ́ kàn kọ́ ni owó tó jẹ. Owó ọjà wà nínú rẹ̀, owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, owó alágbàrù wà níbẹ̀, gbèsè oníbàárà tí kò tíì san wà níbẹ̀. Ọlọ́jà tí kò kọ ìwé ìṣirò, báwo ni agbowó orí ṣe máa mọ èrè rẹ̀? Yóò kàn wo ìsọ̀ rẹ̀ ni, yóò wo bí ọjà ṣe ga tó lórí àtẹ, yóò sì bu iye tó bá wù ú.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1940, àwọn obìnrin ọlọ́jà kọ́wọ̀ọ́ rìn lọ sí ọ́fíìsì kọmíṣánnà tó ń ṣàkóso Èkó. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, àwọn tí kò mọ̀wé nínú wọn sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n pe ìpàdé ńlá sí gbọ̀ngàn Glover, èrò rọ́ lọ síbẹ̀ bí omi. Ohun tí Pelewura sì ń sọ kò ṣòro láti yé èèyàn: obìnrin kò dìbò, báwo ni obìnrin ṣe máa wá sanwó fún ìjọba tí kò gba ohùn rẹ̀?

Ìjọba Gómìnà Bourdillon kò fagi lé òfin náà pátápátá, ṣùgbọ́n wọ́n gbé £50 lọ sí £200. Ìyẹn ni pé gbogbo ọlọ́jà, àfi àwọn olówó díẹ̀, ni owó orí náà kò kàn mọ́. Ẹ ò rí i bí àtàǹpàkò ṣe tẹ ìwé, tí ìwé náà sì ṣiṣẹ́?

ÌGBÀ PULLEN

Àṣé eléyìí kò tíì tó nǹkan. Ogun ń lọ, oúnjẹ ń wọ́n. Ọkọ̀ òkun kò kó ọjà wá bíi ti tẹ́lẹ̀, àwọn sójà sì kún Èkó, wọ́n ní láti jẹun. Láti ọdún 1941 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í la iye lé oúnjẹ lórí. Nígbà tó yá, wọ́n yan òyìnbó kan, A. P. Pullen, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Captain Pullen, láti máa ṣe kòkáárí oúnjẹ. Ohun tó sì ṣe ni pé ìjọba á máa ra gàrí àti oúnjẹ mìíràn láti oko ní iye tí ìjọba fẹ́, wọ́n á kó o wá sí Èkó, wọ́n á sì máa tà á láwọn ọjà tiwọn ní iye tí ìjọba là.

Létí, ó dùn. Ta ni kò fẹ́ gàrí olówó pọ́ọ́kú? Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Iye tí wọ́n là fún àgbẹ̀ kéré ju ohun tó ná an láti gbin ẹ̀gẹ́, kó fà á tu, kó bó o, kó rin ín, kó sì yan án. Àgbẹ̀ ní òun ò tà. Iye tí wọ́n là fún ọlọ́jà ní Èkó kò bo owó tó fi rà á lóko àti owó ọkọ̀. Ọlọ́jà ní òun ò ní pa ara òun. Ni gàrí bá sá kúrò lójú ọjà, ó bọ́ sábẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá lówó rí i rà ní kọ̀rọ̀ ní iye tó ju ti ìjọba lọ fíìfíì. Ẹni tí kò lówó lọ tò sórí ìlà ní ọjà Pullen láti ìdájí.

Ìyá àgbà mi kò ju ọmọdé lọ nígbà yẹn. Ohun tí wọ́n rántí ni pé ìyá wọn á jí wọn kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á gbé igbá lérí, wọ́n á lọ dúró sórí ìlà. Wọ́n ní oòrùn á mú, ẹsẹ̀ á ro, bó bá sì kan èèyàn, wọ́n lè ní gàrí ti tán. Títí di òní, bí nǹkan bá wọ́n tí èrò ń tì ara wọn nítorí rẹ̀, ìyá àgbà á ní, "Ó ti tún di ìgbà Pullen."

Ẹ má jẹ́ ká parọ́ fún ara wa o. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn kan láàárín ìlú sọ pé àwọn ọlọ́jà ló ń kó oúnjẹ pamọ́, pé ìwọra ló ń dà wọ́n láàmú. Ṣé irọ́ gbáà ni? Rárá. Níbi tí ọjà bá ti wọ́n, a máa rí ẹni tó fi ebi ẹlòmíràn ṣòwò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọlọ́jà ló pe ogun, kì í ṣe ọlọ́jà ló la iye tí àgbẹ̀ ò lè gbà. Ẹni tó di ẹnu odò ló yẹ ká bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí omi kò bá ṣàn.

ÀPÒ KAN LÓṢOOṢÙ

Nígbà tí Pullen rí i pé ọ̀nà òun kò já sí ibi tí òun rò, ó mọ̀ pé òun kò lè ṣe é láìsí àwọn ọlọ́jà. Ta ló mú ọlọ́jà dání? Pelewura ni. Lọ́dún 1944, ó ní kí ìyá náà wá ran òun lọ́wọ́, kó yan àwọn obìnrin tí yóò máa bá ìjọba ta oúnjẹ ní iye tí ìjọba là. Owó tó fi lọ̀ ọ́ ni ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lóṣooṣù.

Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn! Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ṣì ń pe igba náírà ní àpò kan mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí nígbà tí náírà dé lọ́dún 1973, náírà méjì ni wọ́n fi ṣe pọ́n-ùn kan. Àpò kan ni wọ́n fẹ́ máa fún ìyá ẹlẹ́ja lóṣù. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú igba náírà tòní wò ó o, tí kò tó ra nǹkan kan. Ẹ wò ó báyìí: ní 1945, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀, ohun tí wọ́n ń jà fún ni pé kí owó iṣẹ́ ẹni tó kéré jù má dín sí ṣílè méjì àti sísì lóòjọ́. Bí ọwọ́ òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tiẹ̀ tẹ ohun tó ń wá, ọjọ́ 800 ló máa fi ṣiṣẹ́, láìsinmi ọjọ́ kan, kó tó rí £100. Ìyẹn lé ní ọdún méjì. Oṣù kan ṣoṣo ni Pelewura ì bá fi rí i.

Ẹ tún rántí £100 tí mo ní kí ẹ dì mú lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó gbọ́dọ̀ máa wọlé fún ọkùnrin lọ́dún kí ìjọba tó kà á sí ẹni tó lè dìbò nìyẹn. Ìjọba tó ní obìnrin yìí kò tó ẹni tó ń dìbò, ìjọba yẹn náà ló wá ń fi owó tó sọ ọkùnrin di olùdìbò lọ̀ ọ́ lóṣooṣù. Ohùn rẹ̀ kò níye lórí nígbà tó fẹ́ fi sọ ti ọjà. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ kó fi sọ ti ìjọba ni wọ́n wá mọ iye rẹ̀.

Pelewura kọ̀. Ó ní ká tiẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á máa fún òun ní £100, òun kò ní torí ẹ̀ fi ebi pa ìlú tí wọ́n bí òun sí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe pé ìyá náà kò fẹ́ owó. Ọlọ́jà wo ni kò fẹ́ owó? Owó ló ń jí lọ wá láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Kì í ṣe ẹja ni wọ́n fẹ́ rà. Àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin tó fi í ṣe olórí ni wọ́n fẹ́ rà, ó sì mọ̀ pé òun kọ́ lòun ni wọ́n. Ohun tí kì í ṣe tèèyàn, èèyàn kì í gbé e tà.

OHUN TÓ TẸ̀LÉ E

Wọn ò fi àyè sílẹ̀ fún Pullen. Àwọn obìnrin ń kọ̀wé, wọ́n ń pe ìpàdé, wọ́n ń rán aṣojú. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1945, tí Michael Imoudu wà lára àwọn olórí wọn, àwọn ọlọ́jà kò fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n dá owó fún wọn, wọ́n sì bá wọn wá bí oúnjẹ kò ṣe ní wọ́n jù fún wọn. Àwọn tí ìjọba ń pè ní olójúkòkòrò ló ṣe bẹ́ẹ̀ o! Olóyè Hubert Ogunde tiẹ̀ fi ìyanṣẹ́lódì náà ṣe eré lọ́dún yẹn, "Strike and Hunger" ló pè é. Nígbà tó gbé eré náà dé Jọ́ọ̀sì, òyìnbó fòfin dè é níbẹ̀. Ẹ̀rù òtítọ́ ni.

Lẹ́yìn tí ogun parí, ètò Pullen wó lulẹ̀. Oúnjẹ padà sọ́wọ́ àgbẹ̀ àti ọlọ́jà. Lọ́dún 1950, obìnrin náà láǹfààní láti dìbò nínú ìdìbò káńsù ìlú Èkó. Ọdún tó tẹ̀lé e, 1951, ni Pelewura jáde láyé. Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló sin òkú rẹ̀. Kò ní ilé ìwé tó lọ, kò ní ipò kankan tí gómìnà fi í sí. Ọjà ló fi í jẹ, ọjà ló sì sin ín.

NÍ ABẸ́ÒKÚTA Ń KỌ́?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Èkó nìkan ni irú eléyìí ti ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo Abẹ́òkúta ní àkókò kan náà. Níbẹ̀, òyìnbó rí ohun tí wọn kò rí ní Èrékò. Wọ́n gbé agbára gbogbo lé ọba lọ́wọ́, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá, pé òun nìkan ṣoṣo ni àṣẹ ìlú. Láyé àtijọ́, ọba kì í dá ṣèlú. Àwọn Ògbóni ń bẹ, àwọn Olóògun ń bẹ, àwọn Pàràkòyí tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọjà ń bẹ, Ìyálóde sì ń sọ ti obìnrin. Òyìnbó ti gbogbo wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ọba nìkan lòun mọ̀. Orí adé kò ṣeé bú, a ò sì bú ọba. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé òyìnbó ló ń ti ọba lẹ́yìn, òyìnbó náà ni ọba ní láti máa dá lóhùn.

Láti 1918 ni obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san owó orí. Ọmọbìnrin ti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ti ń bá a gbà á, nígbà tó jẹ́ pé ọmọkùnrin á pé mẹ́rìndínlógún kó tó san. Nígbà ogun, wọ́n tún ń gba ìrẹsì mọ́ àwọn ọlọ́jà lọ́wọ́. Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tíṣà tó kàwé dé òkè òkun, dá kíláàsì sílẹ̀ láti fi ìwé kọ́ àwọn ọlọ́jà. Níbẹ̀ ló ti gbọ́ ẹjọ́ ìrẹsì. Lọ́dún 1946, ẹgbẹ́ náà di ti gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta. Bí ìyá náà bá ń bá ajẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn obìnrin, Yorùbá ló máa ń sọ, kí ọlọ́jà lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Òyìnbó ló máa wá ẹni tó máa túmọ̀ fún un.

Ní ìparí ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin rọ́ lọ sí ààfin Aké, wọ́n kọrin, wọ́n sùn síbẹ̀. Lọ́dún 1948, wọ́n dá owó orí obìnrin dúró. Ní oṣù Keje ọdún náà, Aláké kúrò nílùú, kò sì padà títí di oṣù Kejìlá ọdún 1950. Obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú.

Ṣé ẹ rí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀? Ní Èkó, òyìnbó fẹ́ sọ olórí ọjà di tirẹ̀, ìyá náà kọ̀, ó bá ọjà dúró, wọ́n jọ borí. Ní Abẹ́òkúta, òyìnbó ti sọ olórí ìlú di tirẹ̀, ìyẹn ló fi di pé àwọn obìnrin ní láti bá orí ara wọn jà kí ẹ̀mí ara wọn tó balẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórúkọ wa, ta ló ń dá lóhùn?

ÒYÌNBÓ LỌ, TÍKẸ́Ẹ̀TÌ KÙ

Lọ́dún 1960, òyìnbó kó ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó fi kọ́ ìjọba kò bá a lọ. Títí di òní, bí káńsù bá fẹ́ fi owó lé owó ìsọ̀, tàbí tí wọ́n fẹ́ wó ọjà láti tún un kọ́, wọn kì í wá bá ọlọ́jà sọ ọ́ lábẹ́ bùkátà rẹ̀. Ẹnì kan ni wọ́n máa ń wá. Wọ́n á ràn án lọ́wọ́, wọ́n á gbé mọ́tò fún un, wọ́n á fún un ní ankara ìbò. Bó bá ti fọwọ́ sí ìwé, wọ́n á ní ọjà ti gbà. Ní àwọn ọjà kan, àwọn olóṣèlú ló ń yan olórí ọjà, bí ẹni pé ìyàwó tuntun ni wọ́n ń mú wá sílé, àwọn ọlọ́jà á kàn jáde wá patẹ́wọ́ ni.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin bíríkìlà, télọ̀, mẹkáníìkì àti onírun, tẹ́ ẹ̀ ń san owó ẹgbẹ́ lóṣooṣù, ṣé ẹ ti rí ìwé ìṣirò rẹ̀ rí? Nígbà tí alága yín bá lọ sí káńsù, ṣé ó máa ń padà wá jíṣẹ́ fún yín?

Èmi kò sọ pé gbogbo olórí ọjà ló ń gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ o. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ojú oorun wọn ṣọ́ ọjà, tí wọ́n ń fi owó ara wọn gba ọmọ ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní tẹ́ṣàn. Ọlọ́run á bù kún wọn. Ohun tí mò ń sọ ni pé Pelewura kò dá nìkan lágbára. Bí a bá ní kò gba £100, ẹ jẹ́ ká tún rántí pé àwọn obìnrin wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń wá sí ìpàdé, tí wọ́n ń dá owó, tí wọ́n tú síta nígbà tí wọ́n tì í mọ́lé. Olórí tí ọjà kò dúró tì, ebi ló máa tì í lọ sọ́wọ́ ìjọba. Àwa tí a máa ń sọ pé "mi ò ráàyè ìpàdé, mo ń tajà", àwa náà la ń ta olórí wa kí ìjọba tó rà á.

Kí wá ni wọ́n ṣe lọ́jà màmá mi? Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn obìnrin bíi ogójì lọ bá àwọn aṣáájú náà nílé. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni, wọn ò fa aṣọ ẹnikẹ́ni ya. Wọ́n ní kí wọ́n mú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí wá, kí wọ́n kà á fún àwọn ní èdè Yorùbá. Wọ́n ní ìwé kò sí nílé. Àwọn obìnrin ní kò burú, àwọn á dúró. Wọ́n jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ti wá dá ọjọ́ ìpàdé báyìí, gbogbo ọjà ló ń lọ. Màmá mi ní kí n wá bá àwọn ka ìwé náà. Mo ní màá wá. Ìyá àgbà ní òun náà ń bọ̀, kí n wá àga sílẹ̀ fún òun.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó kù sí yín lọ́wọ́. Ta ló yan olórí ọjà yín? Ìgbà wo ló kẹ́yìn tó pe ìpàdé? Ẹ kọ lẹ́tà sí wa. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, kó pe ọmọ ilé ìwé kó bá a kọ ọ́, kó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ìwé tí àwọn ìyá wa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ní 1940, gómìnà kà á. Àwa náà á ka tiyín.